Ihò Tí Kì í Ṣe Ti Òkété

Ogójì okùn ni mo dẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú,
láti ìdí arére dé etí odò Ayẹ́.
Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Ajé,
mọ́kàndínlógójì la ẹnu sílẹ̀
bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ kò délé.
Ìkan ṣoṣo ló mú nǹkan:
bàtà rọ́bà, ti ẹsẹ̀ òsì,
amọ̀ pupa kún inú rẹ̀ dé ọrùn.

Mo mọ ihò òkété. Ó ní ojúlé, ó ní ẹ̀yìnkùlé,
ẹni tó bá mọ ọ̀nà kejì ló ń jẹran.
Mo mọ koríko tí òyà gé lánàá
yàtọ̀ sí èyí tó gé láàárọ̀ yìí, tí oje rẹ̀ kò tíì gbẹ.
Bàbá mi Ọdẹ́yalé ló kọ́ imú mi ní ilẹ̀ kíkà
kí tíṣà tó kọ́ ojú mi ní ìwé.
Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ń gbẹ́ ní Abà Arére báyìí,
kò ní ẹ̀yìnkùlé.
Ẹni tó gbẹ́ ẹ kì í gbé inú rẹ̀.
Ó rí góòlù, ó ṣí lọ,
ó fi í sílẹ̀ fún òjò.

Wọ́n ní ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko.
Iná tiwa, àtùpà kan ni, iwájú orí là ń so ó mọ́,
a sì ń pa á bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́.
Iná tiwọn, jẹnẹrétọ̀ ló ń bọ́ ọ, inú oko ló ń sùn.
Ẹtu gbọ́ ariwo náà, ó kó ọmọ rẹ̀.
Ìgalà ò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ parí.

Gáàdì ìjọba dá mi dúró lójú títì,
ó ní ta ló ní kí n wọ igbó ọba.
Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ akóyanrìn ń kọjá, mẹ́ta, mẹ́rin.
Ó gba òkété kan ṣoṣo tó wà lápò mi,
ó ní ìjọba ò fẹ́ ká jẹ ẹ́ mọ́, nítorí àìsàn.
Ó rọra wé e sínú ìwé ìròyìn,
bí ohun tó ń relé.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Tanímọ̀la já sí kòtò.
Ajá tó ti bá mi ṣọdẹ fún ọdún mẹ́sàn-án.
Mo gbọ́ omi, lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe,
bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbó.
Mo taná wò ó: omi pupa bí tíì tí kò ní mílíìkì,
ojú méjì ń tàn láàárín rẹ̀.
Ògiri ń yọ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti àná mọ́.
Mo fi igbe ta síbi tí iná wọn wà.

Ẹni tó sáré jáde wá,
ẹsẹ̀ kan wọ bàtà rọ́bà, ẹsẹ̀ kejì wọ sílípáàsì.
Ọdẹ́kúnlé, ọmọ mi,
tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ bíríkìlà lòun ń ṣe n'Íléṣà.
A wo ara wa.
Ó ní, "Bàbá, ẹ mú okùn yín wá."
Okùn ìdẹ mẹ́fà ló kù lápò mi, a lọ́ wọn pọ̀,
ó ta á mọ́ ìbàdí bí mo ṣe kọ́ ọ lọ́mọ ọdún méje,
ó sọ̀ kalẹ̀,
mo di orí kejì mú bí ẹni tí okùn rẹ̀ mú ẹran ńlá.

Ajá ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ọmọ.
Amọ̀ kan náà ló bo àwọn méjèèjì.

Ẹ̀bìtì tí kò peku, wọ́n ní kó fẹ̀yìn fẹ́lẹ́yìn.
Mo yọ bàtà náà, mo nà án sí i.
Ó wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹran ti tán, Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀."
N kò dáhùn. Mo jókòó, mò ń tú kókó okùn
lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀.
Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, kò tú:
èyí tí ọmọ náà ta.